Ògiri bíríkì tuntun kan ní Mọ̀pà tí wọ́n da ásíìdì sí nígbà tó gbẹ

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Fífọ ògiri ilé tuntun ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe, bíríkì, òkúta, búlọ́ọ̀kù tí wọn ò rẹ́, Kàbà ní ilẹ̀ Ọ̀kun, Ìpínlẹ̀ Kogí, ni mo fi ṣe ibùdó àmọ́ a máa ń dé Ìyàrà, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ, Mọ̀pà, Ìsánlú, títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Àwọn tó rí fọ́tò ilé kan ní Mọ̀pà tí a tún ògiri bíríkì rẹ̀ fọ̀ lẹ́yìn tí ásíìdì ti bà á jẹ́ ti ń bi mí ọjọ́ ti pẹ́ pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí i, báwo la ṣe ṣe é. Mo ti tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ onílé, ó ní kí n kọ ọ́, kí n má ṣáà dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà mo máa kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, títí kan ibi tí kò lọ bí mo ṣe fẹ́.

Ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ni ẹ̀gbọ́n tó ni ilé pè mí láti Àbújá. Kò tiẹ̀ kí mi tán tó fi bẹ̀rẹ̀, ó ní "Àbúrò mi, wọ́n ní ìwọ lo máa ń fọ bíríkì, jọ̀ọ́ gbà mí, ògiri mi tó mọ́ roro lọ́sẹ̀ tó kọjá ti ń hu nǹkan." Mo ní kí ni wọ́n fi fọ̀ ọ́. Ó ní òun ò mọ̀, bíríkìlà ló mọ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ pè wọ́n nísinsìnyí, kí wọ́n má fi nǹkan kan kàn án mọ́, ì báà jẹ́ ọṣẹ, títí màá fi dé. Ó ní ọjọ́ 27 lòun fẹ́ ṣílé o, wọ́n ti tẹ káàdì, wọ́n ti pín aṣọ ẹbí. Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí Kérésì ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa, gbogbo ọmọ Ọ̀kun tó wà ní Àbújá, Èkó, Kàdúná ló ń bọ̀ wálé, ẹni tó bá fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́lé kò ní jẹ́ kí ọjọ́ yẹn kọjá lórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìkánjú yẹn wà lára ohun tó fa ọ̀ràn náà kí n tó fojú kàn án rárá.

Ọjọ́ kejì la lọ, èmi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì. Ọyẹ́ ti dé, gbogbo ojú ọ̀nà funfun, ètè èèyàn ń là. Ilé pẹtẹ́ẹ̀sì ni, ó rẹwà lóòótọ́. Búlọ́ọ̀kù ni inú rẹ̀, àmọ́ wọ́n fi bíríkì bo iwájú àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bíríkì aláwọ̀ bíi gàrí tí wọ́n fi epo díẹ̀ sí, kì í ṣe pupa. Àwọ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn, torí ó wúlò níwájú. Ilé àtijọ́ Màmá onílé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ọgbà ewúro wọn sì fara ti ògiri tuntun náà gan-an.

Ohun tí mo bá nìyí. Nísàlẹ̀, láti ibi pílíǹtì, ìyẹn ẹsẹ̀ ògiri, dé ibi tí àyà mi mọ, àwọ̀ ewé ti yọ lára bíríkì, ó dà bí ohun tó máa ń wà lára ìkòkò omi tí wọn ò fọ̀ fún oṣù kan. Lókè, ní abẹ́ wíńdò, ó ti kúrò ní àwọ̀ ewé, ó ti di ráúráú bí omi tábà tó ṣàn wálẹ̀ tó wá gbẹ síbẹ̀. Àwọn ibì kan ní ẹ̀fun-ẹ̀fun. Tẹ́ ẹ bá wá sún mọ́ ọn dáadáa, ẹ máa rí àmì pípọ́n kéékèèké tó-tò-tó, bí ìgbà tí ìpẹtà bá ta sí aṣọ funfun. Férémù wíńdò alumí ti ní ìlà eérú tó ṣàn. Àtẹ̀gùn iwájú, mábù ni, ó yẹ kó máa dán, mo fi ọwọ́ pa á, ó ń ha ọwọ́ bíi pépà tí kápẹ́ńtà fi ń ha igi. Ewúro Màmá, ìlà tó sún mọ́ ògiri, ti kú pátápátá, ewé rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ ó sì dúdú.

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì mi, mo fi ẹnu rẹ̀ fa jọ́íǹtì kan, àárín bíríkì sí bíríkì. Ó yẹ kó máa ké kìrìkìrì kó má sì já. Yanrìn ni mo bá ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo fa òmíràn, yanrìn. Mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tí wọn ò tíì débẹ̀, mo fa tibẹ̀, ó le gbọingbọin. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé ìdọ̀tí ojú ògiri kọ́ ni wàhálà tó tóbi jù.

Bàbá bíríkìlà dé nígbà tó yá. Àgbàlagbà ni, ó ti ju ọmọ ọgọ́ta ọdún lọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáa, ẹ lè fi okùn wo ìlà bíríkì rẹ̀ ẹ ò ní rí ibi tó wọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká lọ ẹ̀yìn ilé. Mi ò fẹ́ bi wọ́n léèrè níwájú àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ níṣẹ́. Ní ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, wọn ò fi nǹkan kan pamọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn fún un. Kẹ́ẹ̀gì ásíìdì mẹ́fà, lítà 4-4, ni wọ́n rà láti fi yọ ẹ̀tá sìmẹ́ǹtì, ìyẹn sìmẹ́ǹtì tó ta sójú bíríkì nígbà tí wọ́n ń kọ́lé. Wọ́n pò ó pọ̀ mọ́ omi níbẹ̀rẹ̀, ìlàjì ìlàjì, nígbà tí wọ́n rí i pé ó ń lọ jẹ́jẹ́ wọ́n dà á bẹ́ẹ̀ láìpò. Ọ̀sán gangan ni. Búrọ́ọ̀ṣì onírin ni wọ́n fi ha á. Ògiri mọ́ lọ́jọ́ náà, ó mọ́ débi pé wọ́n ya fọ́tò ránṣẹ́ sí Àbújá. Bí ọjọ́ mẹ́rin ti kọjá ni àwọ̀ ewé yọ, wọ́n rò pé èéhù ni, wọ́n tún da ásíìdì sí i. Ìgbà yẹn ló wá di àwọ̀ tábà.

Mo ní Bàbá, ṣé ẹ kọ́kọ́ fi omi rẹ ògiri kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀? Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní "Omi dà, ọmọ mi? Táńkà tí a ní kó wá ò wá, kànga ti ń gbẹ, omi tí a fi po sìmẹ́ǹtì gan-an, a ń tọ́jú rẹ̀ ni."

Mo fẹ́ dúró níbí díẹ̀, torí ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Gbogbo èèyàn ló rò pé ásíìdì ni iṣẹ́ wa. Rárá o, omi ni iṣẹ́ wa, ásíìdì kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Bíríkì gbígbẹ dà bíi gàrí tí ẹ kò tíì rẹ, ohun àkọ́kọ́ tó bá bọ́ sí i ló máa mu, á sì mu ún yó. Tó bá jẹ́ omi lẹ kọ́kọ́ fún un, ó ti yó, ásíìdì tẹ́ ẹ bá wá fi kàn án máa dúró sójú rẹ̀ níbi tí ìdọ̀tí wà, ẹ máa lò ó ẹ máa ṣàn án dànù. Àmọ́ tó bá gbẹ, pàápàá nínú ọyẹ́ tí ògiri gbẹ dé inú, ásíìdì yẹn ló máa mu, á wọlé lọ, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ fi omi ìta fọ̀ ọ́ jáde ní wéré. Ní ìlú wa, kẹ́ẹ̀gì ásíìdì rọrùn rà ju táńkà omi lọ láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, ìyẹn ló ń ba ògiri jẹ́ jù lọ. Kì í ṣe pé àwọn bíríkìlà wa ò mọṣẹ́. Kò sí ẹni tó kọ omi sínú owó iṣẹ́ ni.

Ásíìdì yìí fúnra rẹ̀, hydrochloric acid ni, ìdí tó fi ń yọ ẹ̀tá sìmẹ́ǹtì ni pé ó ń jẹ ẹfun tó wà nínú sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọjá ní Obájánà, ẹ ti rí òkè òkúta tí wọ́n ń wó lulẹ̀ tí wọ́n ń lọ̀, òkúta ẹfun ni, ibẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì ti ń wá. Ásíìdì ò mọ ìyàtọ̀ láàárín sìmẹ́ǹtì tó ta sójú bíríkì àti èyí tó wà ní jọ́íǹtì tó di bíríkì mú. Èyí tó bá kàn ló máa jẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi bá yanrìn lọ́wọ́ mi, ó ti jẹ ohun tó so yanrìn pọ̀. Mábù náà, èyí tí wọ́n ń gbẹ́ ní Jákúrà àti èyí tó ń wá láti òkèèrè, ẹfun kan náà ni gbogbo wọn, ẹ kán ásíìdì sí i ẹ máa rí i tó ń hó. Búlọ́ọ̀kù tí wọn ò rẹ́ náà, mi ò kì í fi ásíìdì kàn án rárá.

Ti àwọ̀ ewé ńkọ́? Kì í ṣe èéhù. Èéhù máa ń wá láti ìta, ibi tí òjìji àti omi wà ló máa ń hù sí, ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ oòrùn ni tibí yọ sí. Inú amọ̀ tí wọ́n fi ṣe bíríkì ló ti wá. Iyọ̀ ohun kan tí wọ́n ń pè ní vanadium wà nínú amọ̀ kan, pàápàá amọ̀ tó ń jó di àwọ̀ gàrí tàbí àwọ̀ funfun, ẹ ò ní sábà rí i lára bíríkì pupa. Ó wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ásíìdì tó wọlé ló yọ́ ọ, oòrùn fà á wá sójú, ó sì gbẹ sójú ní àwọ̀ ewé. Tí wọ́n bá ti fi í sílẹ̀ ní àwọ̀ ewé yẹn, ó ṣì rọrùn. Àmọ́ ásíìdì ẹlẹ́ẹ̀kejì ló sọ ọ́ di àwọ̀ tábà, èyí kì í yọ́ nínú omi mọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Pípọ́n kéékèèké wọ̀nyẹn, irin búrọ́ọ̀ṣì ló já sínú bíríkì tó ń dípẹtà. Ẹ̀fun-ẹ̀fun ní tiẹ̀, iyọ̀ lásán ni, omi ló gbé e jáde, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ti tó o.

Mo pe ẹ̀gbọ́n ní Àbújá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní mi ò ní fi oògùn ìfọ̀ kankan kan iwájú ilé fún ọ̀sẹ̀ kan. Inú bí i. Ó ní "Àbúrò, ṣé o gbọ́ ọjọ́ tí mo sọ báyìí?" Mo ní mo gbọ́ sà, ẹ ṣáà gbọ́ tèmi náà. Wọ́n ti dán nǹkan wò lórí gbogbo ògiri yín lẹ́ẹ̀mejì, èmi ò fẹ́ ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ jẹ́ kí n fi ibi kékeré mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tí àlejò ò ní rí, dán oògùn wò, ká sì dúró ká wo ohun tó máa yọ, torí ẹ̀yin náà rí i, ọjọ́ kẹrin ni tàkọ́kọ́ yọ, wọ́n ti ya fọ́tò kó tó yọ. Ó dákẹ́. Màmá ló gba fóònù lọ́wọ́ mi, tí wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní ẹ̀ka èdè wa, mi ò ní kọ ohun tí wọ́n sọ síbí, àmọ́ nígbà tí fóònù padà dé ọwọ́ mi, ẹ̀gbọ́n ní kí n máa ṣe é bó ṣe yẹ, kí n sọ iye táńkà omi tí mo fẹ́.

Táńkà mẹ́ta la lò ní gbogbo ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lítà 10,000. Owó omi ju owó gbogbo oògùn tí mo rà lọ.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, omi nìkan la fi ń fọ ibi tí wọ́n da ásíìdì sí. Mo ní pépà lítímọ́ọ̀sì, bẹ́líti tẹ́ẹ́rẹ́ ni, èyí aláwọ̀ aró máa ń pọ́n tí ásíìdì bá kàn án. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tó tutù, ó pọ́n. Ó ti ju ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ti da ásíìdì yẹn o, ó ṣì wà nínú bíríkì. A fọ̀, a dúró, a tẹ̀ ẹ́, ó pọ́n. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni pépà wá dúró ní aró bó ṣe wà. Mo pe Bàbá kí wọ́n wá fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́. Wọ́n mú pépà náà lọ́wọ́, wọ́n yí i, wọ́n tún yí i, wọ́n ní "Ìyẹn ni pé ó ṣì ń jẹ ẹ́ ní gbogbo ìgbà tí a ń sùn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà.

Ibi ìdánwò mẹ́rin yẹn, bí ìwọ̀n mítà kan ní òró àti ní ìbú ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkíní, omi àti ọṣẹ nìkan, kò ṣe nǹkan kan sí àwọ̀ tábà. Ìkejì, oxalic acid, ó jẹ àmì ìpẹtà dáadáa, ó sì gbé àwọ̀ ewé, àmọ́ kò mira fún àwọ̀ tábà. Ìkẹta àti ìkẹrin ni kọ́sítíìkì sódà, ẹ mọ̀ ọ́n, òun náà ni àwọn ìyá tó ń se ọṣẹ ń lò, ọjà Kàbà ni mo ti rà á lọ́dọ̀ ìyá kan tó bi mí pé irú ọṣẹ wo lò ń fi ẹ̀kún báàgì kan se. Ìkẹta, mo po ó fẹ́lẹ́. Ìkẹrin, mo po ó kíkan, nǹkan bíi gíráàmù 250 sí lítà omi kan. Omi lẹ máa kọ́kọ́ bù sínú ike, kẹ́ ẹ wá máa da kọ́sítíìkì sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ yí i padà, torí ó máa ń gbóná fúnra rẹ̀ á sì ta sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ásíìdì, òun lẹ máa dà sínú omi. Ẹ fi síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, á gbẹ, á di ẹ̀fun sójú ògiri, ẹ wá fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ kúrò. Tí a ò bá ti fi ọjọ́ méjì yọ ásíìdì kúrò tẹ́lẹ̀ ni, àwọn méjèèjì máa pàdé nínú ògiri, kò sì ní dáa.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sísàlẹ̀ torí ooru, ìkán kọ́sítíìkì kan bọ́ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Kò kọ́kọ́ dùn ún, ìyẹn gan-an ni ewu rẹ̀, ó kàn ń yọ̀ bí ọṣẹ ni, awọ ara ló ń jẹ. Mo rọ omi lé e lórí ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ó ń sọ pé ó ti tó Àǹtí, mo ní kò tó. Ó ní àpá kékeré. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá bọ́ ìbọ̀wọ́ tàbí gíláàsì ojú lórí iṣẹ́ mi á sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí sikáfólù lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ pé, ìkẹrin ló mọ́. Kò sí ohun tó yọ padà. Ìkẹta mọ́ ìlàjì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ tí à ń dúró yẹn, a ò jókòó. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tí wọn ò fọwọ́ kàn, ẹ̀tá sìmẹ́ǹtì nìkan ló wà lára rẹ̀, mo ní kí Bàbá àtàwọn ọmọ wọn wá bá wa ṣe é. Ohun tí a kọ́kọ́ mú kì í ṣe oògùn, pákó ni. A gbẹ́ pákó pẹlẹbẹ bí àjẹ̀ ìtukọ̀ kékeré, a fi ń họ kókó sìmẹ́ǹtì kúrò, pákó kì í já irin sínú bíríkì. Mo rò pé ohun tó ju ìlàjì lọ ló bọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó ṣí ike kankan. Lẹ́yìn náà a fi nylon bo wíńdò, ilẹ̀kùn àti ìyókù ewúro, a fi omi rẹ ilẹ̀ ọgbà pàápàá, kí ohun tó bá ṣàn débẹ̀ lè ti fẹ́lẹ́. A wá rẹ ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é láti òkè, omi ìdọ̀tí á wá ṣàn gba orí bíríkì gbígbẹ, á mu ún, á di ìlà tí kì í kúrò. A rẹ ẹ́ títí kò fi mu omi mọ́, tí omi ń ṣàn lójú rẹ̀ bí ìgbà tó ń ṣàn lójú táìsì. Oògùn tí a lò, kì í ṣe ásíìdì ọjà, èyí tí wọ́n ṣe fún bíríkì tuntun aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n ti fi nǹkan rọ agbára rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì onírun la fi fi í síbẹ̀, a ò fi pọ́ǹpù tẹ̀ ẹ́ wọlé, ìṣẹ́jú díẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gbẹ, a tún fi pákó gbá èyí tó kù, a wá fi omi ṣàn án láti òkè wá sílẹ̀. Ibi kékeré kékeré la ń gbà, ká sì máa rí i pé ìsàlẹ̀ ibi tí à ń ṣe tutù ní gbogbo ìgbà. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ nìkan. Ọ̀sán, ọyẹ́ máa gbẹ ẹ́ mọ́ ọ yín lọ́wọ́.

Mo tún bi Bàbá léèrè ọjọ́ tí wọ́n parí ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ó ti lé lóṣù kan díẹ̀. Ìyẹn náà ní tiẹ̀. Tí bíríkì ò bá tíì pé ọjọ́ méje, jọ́íǹtì ò tíì le, ẹ má fọ̀ ọ́. Tó bá sì ti kọjá nǹkan bí ọjọ́ 28, ẹ̀tá sìmẹ́ǹtì ti di òkúta, ẹ máa jìyà kó tó bọ́, ìyà yẹn ló máa ń sún èèyàn da ásíìdì láìpò. Àárín ìgbà méjèèjì ló dáa jù.

Ọjọ́ 12 la bẹ̀rẹ̀ iwájú ilé pẹ̀lú kọ́sítíìkì. Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe nìyí. Mo fi téèpù lẹ nylon mọ́ férémù wíńdò, àmọ́ atẹ́gùn òru ọjọ́ kejì lágbára, ó fa ọ̀kan ya, kọ́sítíìkì ìsàlẹ̀ ìlà kejì ṣàn gba orí férémù náà títí ilẹ̀ fi mọ́. Kọ́sítíìkì àti alumí, ọ̀tá ni wọ́n. Ó jẹ ẹ́, ó di eérú. Mo yẹ kí n fi okùn dì í, kí n sì fi ẹnì kan sùn síbẹ̀. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n láàárọ̀ yẹn kí ẹlòmíràn tó sọ fún un, mo sì san owó férémù yẹn lára owó iṣẹ́ mi. Àwọn férémù tí ásíìdì ti jẹ ní tiwọn, onílé ló pààrọ̀ wọn.

Nígbà tó fi di ọjọ́ 20, iwájú ti mọ́. Ó mọ́ bí? Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Àwọ̀ tábà lọ pátápátá. Àmì ìpẹtà, a fi oxalic acid mú wọn lẹ́yọ lẹ́yọ, ọ̀pọ̀ lọ, àwọn kan wọlé jù, wọ́n ṣì wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn. Ojú bíríkì tí búrọ́ọ̀ṣì onírin ti ha, kò lè padà, ó máa ń mú eruku ju àwọn yòókù lọ. Ẹ̀gbẹ́ òsì, a ò rí i parí kí ọjọ́ 27 tó pé, ìlàjì la ṣe, wọ́n gbé kánópì síwájú ibi tó kù. Wọ́n ṣílé, ó dùn, Màmá wọ funfun, wọ́n ní kí n wá jó, mo jó.

Oṣù Kìíní la padà wá parí ẹ̀gbẹ́ òsì. Jọ́íǹtì iwájú tí ásíìdì ti jẹ, Bàbá ló tún un ṣe fúnra wọn, wọ́n ha èyí tó ti di yanrìn jáde títí wọ́n fi kan èyí tó le, wọ́n fi omi rẹ ẹ́, wọ́n wá fi sìmẹ́ǹtì tuntun dí i, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi ṣe é, wọn ò sì gba owó iṣẹ́. Mábù àtẹ̀gùn, wọ́n gbé ẹ̀rọ wá láti Lọ́kọ́ja wá dán an, ó dán, àmọ́ ó rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ ní ìgun kan, ẹsẹ̀ máa mọ̀ ọ́n.

Oṣù Kejì ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ fẹ́ǹsì àti ilé géètì, bíríkì kan náà. Mo yà níbẹ̀ nígbà tí mo ń lọ Ìsánlú. Pákó sikáfólù tó sún mọ́ ògiri, wọ́n ti yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí òjò tàbí ìdọ̀tí má bàa ta láti orí rẹ̀ sára bíríkì. Nylon wà lórí ògiri tí wọn ò tíì parí. Wọ́n da yanrìn tó mọ́ sí ìdí rẹ̀ kí ilẹ̀ pupa má bàa ta sí i, àwọn ọmọ sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírun gbá ẹ̀tá sìmẹ́ǹtì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kúrò nírọ̀lẹ́ kí wọ́n tó lọlé. Dúrọ́ọ̀mù omi mẹ́rin wà ní ìlà, ó kún. Bàbá rí mi, wọ́n ní "Àǹtí olómi, ẹ káàbọ̀." Orúkọ yẹn ni wọ́n ń pè mí ní Mọ̀pà títí di òní.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lóṣù Kẹrin, mo lọ wò ó. Ẹ̀fun díẹ̀ yọ nísàlẹ̀ iwájú, iyọ̀ tó kù nínú rẹ̀ ni, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a, ó lọ. Àwọ̀ ewé ò yọ. Màmá mú mi lọ wo ewúro wọn, wọ́n ti gbin tuntun sí ìlà tó kú, ó ti ń hu, ewé rẹ̀ ń tàn. Ibì kan ṣoṣo ló kù, lábẹ́ ibi tí omi wíńdò ń kán sí, bí àyè tí èèyàn méjì lè jókòó sí. Wọ́n ti tún un gbìn lẹ́ẹ̀mejì, kò gbà. Mo fi lítímọ́ọ̀sì kan ilẹ̀ ibẹ̀ lẹ́yìn tí mo rẹ ẹ́, kò pọ́n mọ́. Màmá ní ká jẹ́ kí òjò rọ̀ sí i dáadáa kí àwọn tó tún ìdí ewúro fi síbẹ̀.